A Kì í Fárí Lẹ́yìn Olórí: Ta Ni Ó Yẹ Kí Ó Bẹ Ilé-Ìwé Wò?

Iṣẹ́ lítíréṣọ̀ ni iṣẹ́ mi, ẹnìkan sì lè bi mí pé kí ni olùkọ́ ewì ń wá nínú ọ̀ràn ìsípẹ́kítọ̀. Ìdáhùn mi kò gùn. Ẹni tí ó bá ti fi ọdún púpọ̀ ka ìwé ìtàn mọ̀ pé ìbéèrè àkọ́kọ́ tí à ń bi ìtàn kankan ni pé ta ni ó ń sọ ọ́. Ìjábọ̀ olùbẹ̀wò ilé-ìwé náà, ìtàn ni. Ẹnìkan ni ó sọ ọ́, ojú ẹnìkan ni ó fi wò ó, àwọn mìíràn sì wà nínú rẹ̀ tí a kò gbọ́ ohùn wọn rárá.

Ní ọdún 1979, mo wà ní ìwé kẹrin ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní ìlú wa. Ẹ̀gbọ́n mi kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, wà ní kíláàsì kan náà pẹ̀lú mi, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó fi ọdún méjì jù mí lọ. Akólòlò ni. Bí wọ́n bá ní kí ó kàwé sókè, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ a máa há sí i lọ́fun títí àwọn ọmọ yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé ìṣirò síwájú rẹ̀, kí ẹ tó pajú dé ó ti ṣe é tán. Ní ọjọ́ kan, wọ́n kéde pé ìsípẹ́kítọ̀ ń bọ̀ ní ọ̀la. Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ dàgbà tó bẹ́ẹ̀ ni ẹ mọ bí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ti máa ń rí. A gé koríko, a gún èédú mọ́ ewé, a fi kun pátákó ìkọ̀wé títí ó fi dúdú kirikiri, a fọ aṣọ wa, a sì fá orí wa. Nígbà tí ọ̀sán pọ́n, ọ̀gá wa wọ kíláàsì kọ̀ọ̀kan, ó pe orúkọ àwọn ọmọ kan, ó ní kí wọ́n má wá ní ọjọ́ kejì, kí wọ́n lọ ran òbí wọn lọ́wọ́ lóko. Àwọn mẹ́sàn-án ni ó pè ní kíláàsì tiwa nìkan. Orúkọ ẹ̀gbọ́n mi wà níbẹ̀.

Olùbẹ̀wò dé. Ó jókòó, ó gbọ́ wa bí a ti ń kàwé, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó kọ nǹkan sínú ìwé ńlá kan, ó buwọ́ lù ú, ó sì lọ. Ìyá wa àgbà, tí ó ń ta ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé náà, rí i nígbà tí ó wọlé, ó sì rí i nígbà tí ó jáde. Ní alẹ́ ọjọ́ náà ó bi wá pé: "Ta gan-an ni bàbá yẹn wá wò?" Kò sí ẹni tí ó dá a lóhùn. Ẹ̀gbọ́n mi kò padà sí ilé-ìwé mọ́ nígbà tí sáà tí ó tẹ̀lé e bẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè ìyá àgbà ni mo gbé wá síwájú yín lónìí, mo sì fi ọ̀kan kún un: ta ni ó yẹ kí ó bá olùbẹ̀wò jókòó nígbà tí ó bá ń wò?

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Nígbà tí ìjọba àwọn òyìnbó rán àwọn ènìyàn wá láti máa wo ìmọ́tótó ilé wa, kíá ni Yorùbá sọ wọ́n ní wolé-wolé, tí ìyá tí tanwíjí bá wà nínú ìkòkò omi rẹ̀ yóò sì máa gbàdúrà kí wọ́n ya ilé ẹlòmíràn. Ti ilé-ìwé ni wọn kò wá orúkọ fún. Ìsípẹ́kítọ̀ ni ó ń jẹ́ lẹ́nu ará ìlú. Àwa tí a ń kọ̀wé ni a pè é ní olùbẹ̀wò, èmi sì fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé ẹni tí ó bá bẹ ènìyàn wò kì í ṣe ọlọ́pàá. Aláìsàn ni à ń bẹ̀ wò, ìyá ọlọ́mọ tuntun ni à ń bẹ̀ wò, ẹni tí a bá sì bẹ̀ wò a máa sọ ti ẹnu rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí a yàn dára ju iṣẹ́ tí a ń fi í ṣe lọ.

Kò sì yẹ kí á rò pé àwọn òyìnbó ni ó kọ́ wa bí a ti í yẹ iṣẹ́ olùkọ́ wò. Ọmọ tí ó kọ́ Ifá kì í ti inú yàrá olúwo rẹ̀ jáde kí ó máa pe ara rẹ̀ ní babaláwo. Àwọn àgbà awo yóò pé jọ, wọn yóò sì dá a lẹ́kun ọ̀rọ̀ láti ìhà gbogbo. Ọmọ ilé kéú tí ó parí Kùránì, gbangba ni ó ti ń ka á ní ọjọ́ wòlímọ̀, lójú àáfà rẹ̀, lójú àwọn àáfà mìíràn, lójú ìyá tí ó bí i. Ọmọ tí ó kọ́ṣẹ́ aṣọ híhun tàbí iṣẹ́ àgbẹ̀dẹ, àwọn oníṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ ọ̀gá rẹ̀ àti àwọn ẹbí rẹ̀ ni ó ń wà níkàlẹ̀ ní ọjọ́ tí ó bá gba òmìnira. N kò sọ pé ètò wọ̀nyí kò ní àbùkù. Ojúsàájú wà níbẹ̀, ọmọ olówó sì lè rí ọ̀nà gbà. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó jẹ́ ti ẹnìkan ṣoṣo nínú wọn, kò sì sí èyí tí a ti ń lé ọmọ tí ọ̀rọ̀ kàn lọ sí oko kí á tó bẹ̀rẹ̀.

Ètò tí a wá bá ní ilé-ìwé, láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ti wá, ìjà lórí ẹni tí yóò bẹ ilé-ìwé wò sì ti wà nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1839 ni ìjọba ibẹ̀ yan olùbẹ̀wò méjì àkọ́kọ́ láti máa wo àwọn ilé-ìwé tí wọ́n ń fún ní owó ìrànwọ́. Ìjọ Áńgílíkà fárí gá. Wọ́n ní ta ni yóò rán ará ayé wọ inú ilé-ìwé Ọlọ́run? Ní 1840, ìjọba gbà fún wọn pé kò sí ẹni tí yóò bẹ ilé-ìwé ìjọ náà wò láìjẹ́ pé Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà fọwọ́ sí i. Àwọn ìjọ yòókù náà bá béèrè tiwọn. Títí di ìgbà tí òfin ẹ̀kọ́ ti 1870 fi òpin sí i, oríṣiríṣi olùbẹ̀wò ni ó ń rìn kiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí olúkúlùkù ń wo ilé-ìwé ìjọ tí ó gbà á. Ẹ ṣe àkíyèsí pé àwọn bíṣọ́ọ̀bù jà fún ẹ̀tọ́ wọn láti mọ ẹni tí ń bọ̀. Kò sí ẹni tí ó jà fún òbí.

Ọ̀kan nínú àwọn olùbẹ̀wò ìgbà náà jẹ́ ẹni tí àwa onílítíréṣọ̀ mọ̀ dáadáa, Matthew Arnold akéwì. Ó ṣe iṣẹ́ náà láti 1851 títí di 1886. Nítorí pé kì í ṣe àlùfáà, àwọn ilé-ìwé ìjọ tí kì í ṣe Áńgílíkà ni wọ́n kọ́kọ́ fún un. Ní 1862, ìjọba gbé òfin kan jáde tí ó sọ owó ìrànwọ́ di ọ̀ràn ìdánwò. Ọmọ tí ó bá ti lé ní ọdún mẹ́fà lè mú ṣílè mẹ́jọ wọlé bí ó bá yege. Bí ó bá kùnà nínú ìwé kíkà, wọn a gé ṣílè méjì àti pẹ́nsì mẹ́jọ kúrò, bẹ́ẹ̀ náà ni fún ìwé kíkọ, bẹ́ẹ̀ náà ni fún ìṣirò. Arnold tako òfin náà ní gbangba, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọba kan náà ni ó ń san owó oṣù rẹ̀. Ó rí i pé olùbẹ̀wò ti di akọ̀wé tí ń ka owó. Èmi a máa fi í ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi tí wọ́n rò pé akéwì kò lè ṣe iṣẹ́ ọ́fíìsì.

Òfin yìí gan-an ni wọ́n dì nínú àpótí wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní 1882, nígbà tí Èkó àti Gold Coast, tí à ń pè ní Gánà lónìí, ṣì wà lábẹ́ ìṣàkóso kan náà, ìjọba gbé òfin ẹ̀kọ́ kan kalẹ̀ fún àwọn méjèèjì. Wọ́n dá ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ sílẹ̀, wọ́n sì yan Ẹni-ọ̀wọ̀ Metcalfe Sunter, tí ó ti jẹ́ ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ gíga Fourah Bay ní Sàró, gẹ́gẹ́ bí olùbẹ̀wò ilé-ìwé. Ẹnìkan ṣoṣo yìí ni ó wà fún Sàró, Gáḿbíà, Gold Coast àti Èkó. Ẹ fi ojú inú wò ó: ọkọ̀ ojú omi ni ó ń gbé e kiri láti èbúté dé èbúté. Ọmọ Èkó kan lè kàwé láti oṣù kìn-ín-ní dé oṣù kejìlá kí ó má rí olùbẹ̀wò sójú. Bí ó bá sì wá jẹ́ pé ọjọ́ tí ọkọ̀ gúnlẹ̀ ni ibà dá a dùbúlẹ̀, ilé-ìwé rẹ̀ pàdánù owó orí rẹ̀.

Kí ni òfin náà ní kí wọ́n wò? Ìwé kíkà, ìwé kíkọ, ìṣirò àti èdè Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú aṣọ rírán fún àwọn ọmọbìnrin. Yorùbá kò sí níbẹ̀. Ẹ rántí pé láti 1843 ni Samuel Ajayi Crowther ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde. Láti 1859 ni Henry Townsend ti ń tẹ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta. Ogójì ọdún ni àwọn ìjọ ti fi ń kọ́ ọmọ ní èdè abínibí wọn. Ọmọ tí ó lè ka Ìhìnrere Lúùkù geere ní Yorùbá kò mú kọ́bọ̀ wọlé fún ilé-ìwé rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí ó bá lè pe ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì bí ayékòótọ́, owó ni. Àwọn ènìyàn Èkó kan tako èyí nígbà náà, ọ̀rọ̀ wọn kò sì tà létí ìjọba. Mo ti gbọ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé kan sọ pé àwọn míṣọ́nnárì ni ó pa èdè wa tì nílé-ìwé. Bí ó ti rí gan-an kọ́ nìyẹn. Ìwọ̀n tí olùbẹ̀wò gbé lọ́wọ́ ni ó sọ ohun tí olùkọ́ yóò kọ́, ìwọ̀n náà sì jẹ́ èyí tí a gbẹ́ láìpe ẹni tí ó ní ọmọ sí ibi ìgbẹ́lẹ̀ rẹ̀.

Ní 1886 ni Èkó kúrò lábẹ́ Gold Coast, ní 1887 ni ó sì ní òfin ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Ní 1889 ni ọmọ Èkó kan, Henry Carr, bọ́ sí ẹnu iṣẹ́ igbákejì olùbẹ̀wò ilé-ìwé. Wọ́n bí i ní Èkó ní 1863. Ó kàwé ní Olówógbowó àti ní Sàró, ó sì gba oyè ẹ̀kọ́ ní Fourah Bay ní 1882, ọdún tí òfin tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn jáde. Ó gòkè títí ó fi di olórí ìṣàkóso Èkó láti 1918 dé 1924. Nígbà tí ó kú ní 1945, àwọn ìwé rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi di ara ìpìlẹ̀ ilé-ìkàwé Yunifásítì Ìbàdàn. Àwọn kan nínú wa ti jókòó tì wọ́n láìmọ ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣí wọn.

Ó rọrùn láti sọ pé ọ̀rọ̀ parí nígbà tí ọmọ onílẹ̀ di olùbẹ̀wò. Òótọ́ ni pé nǹkan yí padà: ẹni tí ń wo ọmọ gbọ́ èdè tí ọmọ fi ń sunkún. Ṣùgbọ́n ẹni tí a gbé ìwọ̀n ẹlòmíràn lé lọ́wọ́, kò lè fi wọn ohun tí ìwọ̀n náà kò mọ̀. Carr jẹ́ ẹni tí ó fẹ́ ẹ̀kọ́ òyìnbó tí ó múná, ó sì fẹ́ kí ìjọba fúnra rẹ̀ dá sí ọ̀ràn ẹ̀kọ́ ju kí ó kàn máa fi owó ìrànwọ́ ránṣẹ́ lọ. Ohun tí mo bọ̀wọ̀ fún jù lọ nínú iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe nínú kíláàsì ni ó ti ṣẹlẹ̀. Àwọn Mùsùlùmí Èkó pọ̀ púpọ̀ nígbà náà, wọn kì í sì í fẹ́ rán ọmọ wọn sí ilé-ìwé ìjọ, wọ́n bẹ̀rù pé wọn yóò sọ ọ́ di Kírísítẹ́nì. Olùbẹ̀wò ìbá ti kọ ọ́ sínú ìwé pé aláìnífẹ̀ẹ́-ẹ̀kọ́ ni wọ́n, kí ó sì kọjá lọ. Carr, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ Kírísítẹ́nì, lọ bá wọn jókòó. Edward Blyden, tí ìjọba mú wá sí Èkó ní 1896, náà kún un lọ́wọ́. Wọ́n sọ̀rọ̀, wọ́n jiyàn, wọ́n sì fi ẹnu kò pé ìjọba yóò dá ilé-ìwé sílẹ̀ tí àwọn ọmọ Mùsùlùmí yóò ti máa kọ́ ẹ̀kọ́ òyìnbó láìjẹ́ pé a gba ẹ̀sìn wọn lọ́wọ́ wọn. Oṣù kẹfà 1896 ni ìkíní ṣí ní Èkó. Ti Ẹ̀pẹ́ ṣí ní 1898, ti Àgbádárìgì ní 1899. Fún èmi, àbẹ̀wò gidi ni ìjókòó náà jẹ́. Àwọn ọmọ tí kò sí nílé-ìwé ni ó lọ wò, òbí wọn ni ó sì bi léèrè.

Ní 1920 sí 1921, ìgbìmọ̀ Phelps-Stokes láti Amẹ́ríkà rin ilẹ̀ Áfíríkà já, James Aggrey ọmọ Gold Coast sì wà nínú wọn. Ìjábọ̀ wọn jáde ní 1922. Láti inú rẹ̀ àti láti inú ìwé ìlànà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé jáde ní 1925 ni òfin ẹ̀kọ́ Nàìjíríà ti 1926 ti wá. Òfin yìí ní kí a fi orúkọ olùkọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣí ilé-ìwé láìgba àṣẹ, ó sì sọ iṣẹ́ àwọn alábòójútó tí àwọn ìjọ yàn fún ilé-ìwé tiwọn. Báyìí ni ó ṣe di pé ìjọ ń bẹ ara rẹ̀ wò, kí ìjọba tó wá bẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn alàgbà tí mo bá sọ̀rọ̀ nígbà tí mo ṣì kéré máa ń sọ pé alábòójútó ìjọ mọ olùkọ́ tí ó ń mu ẹmu, ó mọ èyí tí kò wá sí ìsìn, ó sì mọ èyí tí ó fẹ́ ìyàwó kejì. Bóyá ọmọ mọ ìṣirò ni kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ ẹ́ lógún. Mo fura pé ẹ̀fẹ̀ wà nínú rẹ̀ díẹ̀. Síbẹ̀, ẹ̀fẹ̀ àgbà kì í ṣàìní egungun nínú.

Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kìn-ín-ní 1955 ni ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, lábẹ́ ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí S. O. Awókọ́yà sì jẹ́ mínísítà ẹ̀kọ́. Ní 1954, àwọn ọmọ 456,600 ni ó wà nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní 1955, wọ́n di 811,432. Kò sí ẹni tí ó lè sọ irú nọ́ńbà wọ̀nyí kí orí rẹ̀ má wú. Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín pé ta ni yóò bẹ̀ wọ́n wò. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn olùkọ́ tí wọ́n kó wọlé kò kọ́ iṣẹ́ náà rí, àwọn olùbẹ̀wò kò sì di ìlọ́po méjì lóru ọjọ́ kan bí àwọn ọmọ. Òfin ẹ̀kọ́ ọdún náà dá àwọn aláṣẹ ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀, ará ìlú sì ní ìjókòó kan pàtó nínú ètò náà lábẹ́ òfin. Ohun rere ni, ṣùgbọ́n ìjà òṣèlú ti wọ ìjọba ìbílẹ̀ nígbà náà, olùkọ́ tí kò bá sì sí nínú ẹgbẹ́ kan lè rí i pé aláṣẹ tí ń wo iṣẹ́ rẹ̀ ń wo káàdì rẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tí ìgbìmọ̀ tí Banjo ṣe alága rẹ̀ yẹ ètò ẹ̀kọ́ Ìwọ̀-Oòrùn wò ní 1960 sí 1961, àìtó olùkọ́ tí ó kọ́ṣẹ́ wà lára ohun tí wọ́n tọ́ka sí pé ó fa ẹ̀kọ́ sẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ èdè tí wọ́n sọnù ní 1882, Ifẹ̀ ni wọ́n ti lọ wá a padà. Ní 1970, Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé-ìwé St. Stephen's "A" ní Mọdákẹ́kẹ́, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ gbogbo iṣẹ́ láti ìwé kìn-ín-ní dé ìwé kẹfà, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàárín iṣẹ́. Àwọn ènìyàn ti sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí èrè tí ó wà níbẹ̀. Ohun tí ó kàn mí lónìí kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ: ní kíláàsì tí wọ́n ti ń fi Yorùbá kọ́ sáyẹ́ǹsì, ìyá aláta lè dúró lójú fèrèsé kí ó sì mọ̀ bóyá olùkọ́ ń ṣiṣẹ́. Bí a bá fi èdè tí òbí kò gbọ́ kọ́ ọmọ rẹ̀, a ti yọ òbí náà kúrò nínú àbẹ̀wò kí a tó yan ìgbìmọ̀.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn tún padà sídìí ọ̀rọ̀ náà. Òfin tí wọ́n ṣe ní 1992 ní kí ẹnìkan, ó kéré tán, wà nínú gbogbo ikọ̀ àbẹ̀wò tí kò ṣe iṣẹ́ olùkọ́ rí tí kò sì ṣàkóso ilé-ìwé rí. Oníṣòwò lè wà níbẹ̀, nọ́ọ̀sì lè wà níbẹ̀. Ní 2005 ni wọ́n pa apá náà rẹ́. Àwọn kan ní ará ìta kò mọ ohun tí ó ń wò. Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ bá sọ̀rọ̀ tí ará ìta kò lóye, bóyá ó yẹ kí olùkọ́ náà tún un sọ.

Ní tiwa, òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ jáde ní 2004, láti nǹkan bí 2005 sì ni ìjọba ti ní kí ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan ní ìgbìmọ̀ tí òbí, olùkọ́, ará ìlú àti akẹ́kọ̀ọ́ wà nínú rẹ̀. Lórí ìwé, ó dára. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, wọ́n ní kí èmi náà bá ikọ̀ àbẹ̀wò kan lọ sí ìpínlẹ̀ kan tí n kò ní dárúkọ. Àwa márùn-ún ni, a gun ọkọ̀ méjì. Wọ́n ti tẹ́ aṣọ sórí tábìlì dè wá, ọtí ẹlẹ́rìndòdò sì wà níbẹ̀. Fọ́ọ̀mù tí a gbé lọ́wọ́ pọ̀: iye ilé-ìgbẹ́, iye àga, ìwé ìpalẹ̀mọ́ iṣẹ́ olùkọ́, rẹ́jísítà. A pe alága ìgbìmọ̀ òbí, ó wá, ó jẹun, ó fọwọ́ síwèé. Mo rántí ìyá wa àgbà, mo bá jáde lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ta oúnjẹ lẹ́nu ọ̀nà.

Ìyá kan tí ó ń ta ìrẹsì ni mo bi pé, "Ẹ kúùjókòó o, Màmá. Báwo ni ilé-ìwé yìí?" Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gá, ṣé ẹ kò ní bínú?" Mo ní n kò ní bínú. Ó sọ fún mi pé ẹ̀rọ omi tí wọ́n kun ní ọ̀dà tuntun yẹn kò tíì pọn omi láti sáà méjì sẹ́yìn. Ó sọ fún mi pé olùkọ́ ìwé kẹta kì í wá, pé ọ̀gá obìnrin ilé-ìwé náà ni ó ń kọ́ kíláàsì méjì pọ̀, tí ó ń fi owó ara rẹ̀ ra ṣọ́ọ̀kì, tí ó sì máa ń ra ìrẹsì fún àwọn ọmọ kan lọ́wọ́ òun láwìn. Gbogbo èyí ni ọ̀gá náà fi pamọ́ fún wa, nítorí ó rò pé bí a bá gbọ́ pé olùkọ́ kan kò wá, òun ni a ó jẹ níyà. Ó ti wá tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, ó ń bẹ̀rù wa. Nígbà tí mo mú ọ̀rọ̀ náà wọlé, olórí ikọ̀ wa, ènìyàn jẹ́jẹ́ tí n kò ní ohun búburú láti sọ nípa rẹ̀, yẹ fọ́ọ̀mù wò, ó ní, "Prọ́fẹ́sọ̀, kò sí ibi tí a ó kọ ọ́ sí."

Nítorí náà, kì í ṣe pé mo fẹ́ kí a lé olùbẹ̀wò tí ó kọ́ṣẹ́ lọ. Òun ni ó mọ òfin, òun ni ó lè fi ilé-ìwé kan wé òmíràn, ojú rẹ̀ sì ti rí púpọ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ó má dá wò. Kí olùkọ́ kan tí ó ṣì ń dúró níwájú kíláàsì ní ilé-ìwé mìíràn wà pẹ̀lú rẹ̀, ẹni tí ó mọ ohun tí ó jẹ́ láti kọ́ ọgọ́rin ọmọ lábẹ́ páànù nínú oṣù kẹta. Kí òbí wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó má jẹ́ alága ẹgbẹ́ ni yóò yàn wọ́n. Kí a ṣẹ́ kèké láàárín wọn, kí àwọn obìnrin sì wà nínú wọn, nítorí pé àwọn ni ó sábà máa ń mú ọmọ wá. Kí a bi àwọn tí ń tajà lẹ́nu ọ̀nà. Kí a gbọ́ tẹnu àwọn ọmọ níbi tí olùkọ́ wọn kò ti ní máa wò wọ́n lójú, láìfi wọ́n ṣe adájọ́.

Mo mọ ewu tí ó wà níbẹ̀. Mo mọ bàbá kan tí ó fẹ́ kí wọ́n lé olùkọ́ kúrò nílùú nítorí pé kò fi ọmọ rẹ̀ gòkè. Irú bàbá bẹ́ẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n, bí a bá sì fi kálámù lé e lọ́wọ́, iṣẹ́ olùkọ́ lè bàjẹ́. Ìdí nìyẹn tí n kò fi gbà pé kí òbí tàbí ará ìlú máa fún olùkọ́ ní máàkì. Ẹlẹ́rìí ni mo fẹ́ kí wọ́n jẹ́. Ìjókòó adájọ́, ti ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ ni, ṣùgbọ́n kí ó kọ ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí sílẹ̀, kí ó sì padà wá ka ohun tí ó kọ sí etígbọ̀ọ́ wọn ní èdè tí wọ́n gbọ́. Títí di òní, ọ̀pọ̀ ìjábọ̀ ni ó ń lọ sínú fáìlì ní olú-ìlú ìpínlẹ̀ láìsí òbí kan tí ó rí ojú ìwé rẹ̀ rí.

Ẹ̀gbọ́n mi tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ di káfíńtà. Ó mọ ìṣirò igi débi pé kì í fi pákó ṣòfò. Nígbà tí ilé-ìwé tí wọ́n ti ní kí ó lọ sóko yẹn fẹ́ tún àga ṣe, òun ni wọ́n pè, kò sì gba owó iṣẹ́. Ó ti di ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ ilé-ìwé náà. Ó sọ fún mi pé ní ọjọ́ tí àwọn olùbẹ̀wò máa wá kẹ́yìn, òun tètè dé, òun gba rẹ́jísítà lọ́wọ́ olùkọ́, òun sì ń ka àwọn ọmọ náà níkọ̀ọ̀kan lórí àga tí òun kàn. Mẹ́rin kò sí níbẹ̀. Ó gun ọ̀kadà, ó lọ sí ilé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kólòlò bí ó ti ń béèrè wọn, kí àwọn àlejò tó dé.